Yíyẹ owó-orí sílẹ̀ lábẹ́ òfin: ohun tó fa awuyewuye, àti ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, EU, dá a lẹ́jọ́ pé dandan ni kí iléeṣẹ́ Apple san owó-orí tó tó bílíọ̀nù 13 yúrò fún orílẹ̀-èdè Ireland, pẹ̀lú èlé lórí rẹ̀. Ohun tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé ìjọba Ireland, tí wọ́n ní kí wọ́n san owó náà fún, ti bá Apple dúró nílé ẹjọ́ fún ọdún púpọ̀, tó ń jà kí owó náà má baà wọlé sí àpò òun. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ owó-orí àwọn olówó kò ti kúrò lẹ́nu ayé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè G7, ìyẹn orílẹ̀-èdè méje tí ọrọ̀ ajé wọn lágbára, fẹnu kò pé kí àwọn iléeṣẹ́ tí orírun wọn jẹ́ Amẹ́ríkà bọ́ lọ́wọ́ apá pàtàkì nínú àdéhùn owó-orí àgbáyé, èyí tó ní kí iléeṣẹ́ ńlá má san dín sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀. Nínú ọdún kan náà, àwọn aṣòfin ilẹ̀ Faransé gbé àbá kan yẹ̀ wò, pé kí ẹni tí dúkìá rẹ̀ ju mílíọ̀nù 100 yúrò lọ máa san owó-orí tí kò ní dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún dúkìá náà lọ́dọọdún. Ilé aṣòfin kékeré fọwọ́ sí i ní oṣù Kejì, ilé aṣòfin àgbà dà á nù ní oṣù Kẹfà, nígbà tó sì tún yọjú nínú ìjíròrò ètò ìsúná ní oṣù Kẹwàá, ilé kékeré tó ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ náà ló kọ̀ ọ́.

Nínú gbogbo àríyànjiyàn wọ̀nyí, gbólóhùn kan ló máa ń jẹyọ láti ẹnu àwọn tí wọ́n nawọ́ sí: “Gbogbo owó-orí tí òfin ní ká san la ti san.” Àwọn kan gbọ́ ọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí, àwọn mìíràn gbọ́ ọ, wọ́n ní ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín ìhà méjèèjì ni ìdàrúdàpọ̀ ti wọlé, débi pé wọ́n ń pe ẹni tó fi owó pamọ́ de ọjọ́ ogbó rẹ̀ ní olè, tí wọ́n sì ń gbóríyìn fún ẹni tó fi èrè bílíọ̀nù rìn gba erékùṣù mẹ́ta kọjá pé ọlọ́gbọ́n ni.

Ṣé yíyẹ owó-orí sílẹ̀ àti màgòmágó owó-orí kì í ṣe ohun kan náà?

Rárá. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bóyá ènìyàn sọ òtítọ́ fún ìjọba tàbí kò sọ ọ́. Ẹni tó ń ṣe màgòmágó ń fi owó tó wọlé fún un pamọ́, ó ń kọ ìnáwó tí kò ná sínú ìwé, tàbí ó ní àpò owó sí ilẹ̀ òkèèrè tí kò jẹ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀ràn ni, ó sì lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó ń yẹ owó-orí sílẹ̀ kò parọ́: ó kọ ohun tó ṣe sílẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó sì ní kí àjọ agbowó-orí ka ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú yíyẹ owó-orí sílẹ̀ fúnra rẹ̀, nǹkan méjì ló wà, àìyà wọ́n sọ́tọ̀ ló sì ń dá ọ̀pọ̀ ìjà sílẹ̀. Èkíní ni lílo àǹfààní tí àwọn aṣòfin mọ̀ọ́mọ̀ ṣí sílẹ̀. Bí òfin bá sọ pé wọn kò ní gba owó-orí lórí owó tí òṣìṣẹ́ ń fi pamọ́ fún ìgbà ìfẹ̀yìntì, tàbí lórí èyí tí ènìyàn fi ta àwọn aláìní lọ́rẹ, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń ṣe ohun tí ìjọba fẹ́ kó ṣe gan-an ni, kò sì sí ẹni tó ń bá a jà. Èkejì ni kí ènìyàn to okòwò rẹ̀ lọ́nà tó bá ọ̀rọ̀ inú òfin mu, ṣùgbọ́n tí àbájáde rẹ̀ jẹ́ ohun tí ẹni tó ṣe òfin kò ní lọ́kàn rárá. A lè dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ tí a kò fẹsẹ̀ tẹ̀ rí, kí a ta dúkìá wa fún un, kí a tún háyà dúkìá náà padà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a sì máa san owó háyà náà fún ara wa. Gbogbo ìwé rẹ̀ pé, kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá yọ owó-orí kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Apá kejì yìí ni awuyewuye gbogbo ayé dá lé lórí.

Àìmọ ìyàtọ̀ yìí hàn gbangba ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, nígbà tí àwọn oníròyìn tú àṣírí ìwé tó lé ní mílíọ̀nù 11 láti iléeṣẹ́ amòfin Mossack Fonseca ní Panama. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹnikẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà nínú ìwé náà ti di ọ̀daràn. Kò rí bẹ́ẹ̀: níní iléeṣẹ́ sí òkèèrè nìkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, bí ẹni tó ni ín bá ti kéde rẹ̀. Síbẹ̀, olórí ìjọba Iceland fi ipò sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, nítorí pé òun àti ìyàwó rẹ̀ ní àjọṣe pẹ̀lú iléeṣẹ́ òkèèrè kan tí àwọn ará ìlú kò mọ̀ sí. Ìbínú àwọn ará ìlú, tí wọ́n tú jáde sí ìgboro olú ìlú wọn, ló lé e kúrò, kì í ṣe ìdájọ́ ilé ẹjọ́.

Kí ni àwọn adájọ́ ti sọ?

Ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ ló gbé èrò náà kalẹ̀ pé ẹ̀tọ́ ni láti dín owó-orí ẹni kù. Ní ọdún 1929, Adájọ́ Clyde ní Scotland sọ pé kò sí ẹni tó wà lábẹ́ ojúṣe kankan, ìbáà ṣe ti ìwà rere tàbí òmíràn, láti to ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lọ́nà tí àwọn agbowó-orí yóò fi lè ki ṣọ́bìrì tó tóbi jùlọ bọ inú ìṣúra rẹ̀. Ní ọdún 1935, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ Duke ti Westminster. Ìjòyè ni Duke yìí, ọ̀kan nínú àwọn tó lówó jù nílẹ̀ náà sì ni. Nígbà náà, owó tí ènìyàn bá san fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé rẹ̀ kì í ṣe ohun tó lè yọ kúrò nínú owó tó máa san owó-orí lé lórí, ṣùgbọ́n ó lè yọ owó ọdọọdún tó bá ti fi ìwé àdéhùn ṣèlérí rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Duke yìí wá kọ ìwé àdéhùn fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, títí kan ẹni tó ń tọ́jú ọgbà. Ìjọba ní owó iṣẹ́ ni, orúkọ lásán ni wọ́n yí padà. Àwọn adájọ́ tó pọ̀ jù dáhùn pé ohun tó wà nínú ìwé ni àwọn yóò tẹ̀ lé, Adájọ́ Tomlin sì sọ pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ láti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí owó-orí rẹ̀ lè kéré bí ó bá ti lè ṣe é. Adájọ́ Atkin nìkan ló yapa.

Èyí tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jù ni ti Amẹ́ríkà, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí ìdajì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Gregory ló ni gbogbo iléeṣẹ́ kan, iléeṣẹ́ yìí sì ní ìpín ìdókòwò tó ti lérè gan-an nínú iléeṣẹ́ mìíràn. Bí iléeṣẹ́ rẹ̀ bá kó ìpín náà lé e lọ́wọ́ tààrà, owó-orí tó wúwo ló máa san. Nítorí náà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1928, ó dá iléeṣẹ́ tuntun sílẹ̀, wọ́n gbé ìpín náà wọ inú rẹ̀, wọ́n tú iléeṣẹ́ tuntun náà ká lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ìpín náà sì bọ́ sí i lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni pé àtúntò iléeṣẹ́ ló wáyé. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló bá ọ̀rọ̀ òfin mu. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé iwájú Adájọ́ Learned Hand ní ọdún 1934, ó kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni lè to ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí owó-orí rẹ̀ kéré bó ti lè kéré tó, àti pé ìfẹ́ ilẹ̀ ẹni pàápàá kò sọ ọ́ di dandan fún ènìyàn láti mú owó-orí ara rẹ̀ pọ̀ sí i. Gbólóhùn yìí ni àwọn agbèjà máa ń gbé sójú ìwé títí di òní. Ohun tí wọn kì í sábà fi kún un ni pé Gregory pàdánù ẹjọ́ náà. Adájọ́ yìí kan náà ló sọ pé iléeṣẹ́ tí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe ju kó yẹ owó-orí sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí òfin ń pè ní àtúntò, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà sì fara mọ́ ọn ní ọdún 1935.

Láti ìgbà náà, ọ̀nà Gregory ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ń tọ̀ ju ọ̀nà Duke lọ. Nínú ẹjọ́ Ramsay ní ọdún 1981, àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bí ènìyàn bá so ìgbésẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ láti yẹ owó-orí, àwọn yóò wo gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, àwọn kò ní máa wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn aṣòfin náà sì ṣe ohun tí a lè pè ní òfin agbòòrò tó de yíyẹ owó-orí: Australia ní ọdún 1981, Kánádà ní 1988, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2013, Íńdíà ní 2017. Òfin bẹ́ẹ̀ ń fún àjọ agbowó-orí lágbára láti fagi lé ètò tí kò ní ìdí mìíràn ju owó-orí lọ, bí ó tilẹ̀ bá ọ̀rọ̀ òfin mu. Nítorí náà, gbólóhùn pé “ó bófin mu” kì í fi bẹ́ẹ̀ dájú tó bí ẹni tó ń sọ ọ́ ṣe rò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni kò tíì pè é lẹ́jọ́.

Báwo ni èrè iléeṣẹ́ ṣe ń kúrò ní orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn?

Iléeṣẹ́ ńlá tó wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í ṣe iléeṣẹ́ kan ṣoṣo lójú òfin. Ẹ̀ka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró, wọ́n sì ń ta nǹkan fún ara wọn: ẹ̀ka kan ni orúkọ àti àmì iléeṣẹ́, èkejì ń san owó fún lílo orúkọ náà, ẹ̀ka kan ń yá èkejì lówó, ó sì ń gba èlé. Owó tí ẹ̀ka kan bá san jáde ń dín èrè rẹ̀ kù, ó sì ń di èrè fún ẹ̀ka tó gbà á. Bí ẹ̀ka tó ń san án bá wà níbi tí owó-orí ti ga, tí èyí tó ń gbà á sì wà níbi tí owó-orí ti kéré tàbí tí kò sí rárá, àpapọ̀ owó-orí iléeṣẹ́ náà yóò já wálẹ̀ láìsí pé ọjà tó ń tà yí padà. Òfin ní kí iye owó tí wọ́n ń dá lé nǹkan fún ara wọn bá iye tí àjèjì méjì ìbá dúnàádúrà lé lórí mu. Èyí ṣeé ṣe fún irin tàbí epo rọ̀bì, tí iye owó rẹ̀ wà lójú ọjà. Ṣùgbọ́n èló ni orúkọ iléeṣẹ́, tàbí ìmọ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ fóònù? Kò sí àjèjì tó ń ra irú rẹ̀ tí a lè fi wé e. Ibí yìí ni agbára àwọn oníṣirò owó ti pọ̀ jù.

Àpẹẹrẹ tó dá ìbínú sílẹ̀ ni ti Starbucks. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012, iléeṣẹ́ ìròyìn Reuters gbé e jáde pé láàárín ọdún 14, Starbucks ta kọfí tí iye rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n owó-orí èrè tó san kò ju mílíọ̀nù 8.6 pọ́n-ùn lọ. Owó ìlò orúkọ ń lọ sí Netherlands, èso kọfí ń gba ọwọ́ ẹ̀ka tó wà ní Switzerland wọlé, wọ́n sì ń san èlé lórí ẹ̀yáwó láàárín ara wọn. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò pe Starbucks, Google àti Amazon. Alága ìgbìmọ̀ náà, Margaret Hodge, sọ fún wọn lójú gbogbo ayé pé àwọn kò fẹ̀sùn ìwà òfin rírú kàn wọ́n, ìwà àìtọ́ ni àwọn fi ń kàn wọ́n. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún Starbucks, iléeṣẹ́ náà sì kéde pé òun yóò san mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn láàárín ọdún méjì. Àwọn kan yọ̀. Àwọn ògbógi nínú ọ̀rọ̀ owó-orí kò yọ̀ púpọ̀, nítorí bí iléeṣẹ́ bá lè fúnra rẹ̀ sọ iye tó wù ú láti san kí ariwo lè rọlẹ̀, ọrẹ ló ṣe, kò san owó-orí.

Ọ̀rọ̀ Apple yàtọ̀ díẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ EU ṣe ṣàlàyé ní ọdún 2016, èrè ọjà tí Apple ń tà káàkiri Yúróòpù ń wọ Ireland, ṣùgbọ́n wọ́n ka èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí ti “olú iléeṣẹ́” kan tí kò ní òṣìṣẹ́, tí kò sì ní ọ́fíìsì tirẹ̀, tí kò sí lábẹ́ owó-orí orílẹ̀-èdè kankan. Ní ọdún 2014, owó-orí tó san lórí mílíọ̀nù kan yúrò èrè wá jẹ́ 50 yúrò péré. Apple ní Amẹ́ríkà ni òun ti ṣe iṣẹ́ tó mú èrè náà wá, ibẹ̀ ló sì yẹ kí wọ́n ti gba owó-orí rẹ̀. Ilé ẹjọ́ kékeré ti EU dá Apple láre ní ọdún 2020, kí ilé ẹjọ́ gíga tó yí i padà ní 2024. Kì í ṣe owó ìtanràn ni owó náà, ẹ̀sùn náà kò sì dá lé pé Apple parọ́: Ireland ni ilé ẹjọ́ sọ pé ó ṣe ojúsàájú fún iléeṣẹ́ kan, tó fún un ní àǹfààní tí àwọn tó ń bá a figa gbága kò ní, èyí tí òfin EU kà léèwọ̀.

Àwọn olówó tí kì í ṣe iléeṣẹ́ ńkọ́?

Níhìn-ín, a kò tilẹ̀ nílò ètò kankan tó díjú. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, owó tó wọlé ni wọ́n ń gba owó-orí lé lórí, kì í ṣe dúkìá tó ń gòkè. Bí ìpín ìdókòwò ẹnì kan bá ti bílíọ̀nù kan di bílíọ̀nù mẹ́wàá, kò sí owó-orí lórí rẹ̀ títí tí yóò fi tà á. Kò sì nílò láti tà á: ó lè fi dúró gbèsè ní báńkì, kí ó máa ná owó tó yá, nítorí ẹ̀yáwó kì í ṣe owó tó wọlé. Ní Amẹ́ríkà, bí ó bá kú, àwọn ajogún rẹ̀ yóò gba ìpín náà ní iye tó tó lọ́jọ́ ikú rẹ̀, èrè tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò sì di ohun tí wọn kò gba owó-orí lé lórí mọ́.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, iléeṣẹ́ ìròyìn ProPublica ṣírò rẹ̀ pé dúkìá àwọn ará Amẹ́ríkà 25 tó lówó jù gòkè pẹ̀lú bílíọ̀nù 401 dọ́là láàárín ọdún 2014 sí 2018, tí owó-orí tí wọ́n san fún ìjọba àpapọ̀ lórí owó tó wọlé fún wọn sì jẹ́ bílíọ̀nù 13.6. Ìyẹn jẹ́ ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó kún dúkìá wọn. Àwọn alátakò ìṣirò yìí sọ pé kò tọ́ láti fi owó-orí wé èrè orí ìwé tó lè wó lulẹ̀ lọ́la. Àwọn tó fara mọ́ ọn dáhùn pé báńkì kò ka èrè orí ìwé náà sí àlá nígbà tó ń yá wọn lówó lé e lórí. Warren Buffett, tó wà lára àwọn olówó náà, ti kọ ọ́ ní ọdún 2011 pé owó-orí tí òun san jẹ́ ìdá 17.4 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí òfin ní kí òun san owó-orí lé lórí, nígbà tí ti àwọn ogún ènìyàn yòókù nínú ọ́fíìsì òun jẹ́ ìdá 36 ní ìpíndọ́gba. Kò sí òfin kankan tí Buffett rú.

Kí ni ìhà kọ̀ọ̀kan ń sọ?

Àwọn tó ń gbèjà yíyẹ owó-orí sílẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ipá ni ìjọba fi ń gba owó-orí, kì í bẹ̀bẹ̀ fún un. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ kọ iye tó fẹ́ sílẹ̀ kedere, kí ará ìlú lè mọ ibi tí ojúṣe òun parí sí. Bí a bá ní kí ènìyàn san ju ohun tí òfin kọ lọ nítorí ìwà rere, ta ni yóò sọ iye rẹ̀? Ìwà rere ta ni a ó fi wọ̀n ọ́n? Wọ́n tún ń tọ́ka sí àgàbàgebè àwọn olóṣèlú: ní ọdún 2012, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Cameron, sọ pé ohun tí gbajúmọ̀ aláwàdà kan ṣe láti yẹ owó-orí kò bá ìwà ọmọlúàbí mu, ní 2016, ó wá di mímọ̀ pé òun náà ti ní ìpín rí nínú àpò ìdókòwò tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ sí òkèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní òun san owó-orí tó yẹ lórí rẹ̀. Ìdí mìíràn tún ni ìfowóṣòfò ìjọba. Nínú àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, Robert Nozick ló lọ jìnnà jù, ẹni tó kọ ọ́ ní ọdún 1974 pé gbígba owó-orí lórí owó iṣẹ́ ènìyàn kò jìnnà sí kíkó ènìyàn ṣiṣẹ́ tipátipá.

Àwọn iléeṣẹ́ máa ń fi ìdí kan kún un, pé ojúṣe àwọn olùdarí sí àwọn onípìn-ín ló ń fipá mú wọn dín owó-orí kù. Ó yẹ ká ṣọ́ra pẹ̀lú èyí. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Delaware, níbi tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ti forúkọ sílẹ̀, sọ pé kò sí ojúṣe gbogboogbò kankan tó ní kí olùdarí iléeṣẹ́ fa owó-orí wálẹ̀ dé ibi tó lè dé. Àyè wà fún un láti ṣe é, kò sì pọn dandan.

Àwọn tó ń takò ó kò sẹ́ pé òfin ni ààlà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bófin mu ló bójú mu, àti pé òfin ní ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó bá di ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mú láti fi pa ìdí rẹ̀ run kò pa òfin mọ́. H.L.A. Hart, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa òfin, ti là á kalẹ̀ ní ọdún 1955 pé nígbà tí àwọn ènìyàn bá jọ tẹrí ba fún ìlànà kan fún àǹfààní gbogbo wọn, ẹni tó bá ń jẹ nínú àǹfààní náà jẹ àwọn yòókù ní gbèsè irú ìtẹríba kan náà. Iléeṣẹ́ tó ń yẹ owó-orí ń gba ojú ọ̀nà tí ìjọba ṣe, ó ń gba àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé ìwé ìjọba kọ́ síṣẹ́, ó sì ń sáré lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba bí ẹnikẹ́ni bá jí àmì iléeṣẹ́ rẹ̀ lò. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, Liam Murphy àti Thomas Nagel, tún gbé e gba ibòmíràn ní ọdún 2002. Wọ́n ní àṣìṣe ni láti máa rò pé gbogbo owó tí ènìyàn rí kí wọ́n tó yọ owó-orí jẹ́ tirẹ̀, tí ìjọba wá ń bù nínú rẹ̀, nítorí òfin, tí owó-orí jẹ́ apá kan rẹ̀, ló sọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ di tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú ọ̀rọ̀ yìí gbóná lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ owó-orí rẹ̀ kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀ kò ní àyè láti to ohunkóhun. Oníṣòwò kékeré kò ní ẹ̀ka ní Switzerland. Àǹfààní tí òfin ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn wá di ti ẹni tó lè sanwó fún agbẹjọ́rò, owó tí kò sì wọlé láti ọ̀dọ̀ onítọ̀hún yóò wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lè sá. Ètò owó-orí sì dá lé pé ọ̀pọ̀ jùlọ ará ìlú yóò san án láìjẹ́ pé ọlọ́pàá tẹ̀ lé wọn.

Àwọn kan máa ń kó àwọn tó kọ̀ láti san owó-orí nítorí ẹ̀rí ọkàn pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, bíi Henry David Thoreau, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, tó sùn ní àtìmọ́lé lóru ọjọ́ kan ní ọdún 1846 nítorí pé kò fẹ́ kí owó òun ti ìjọba tó fàyè gba òwò ẹrú lẹ́yìn. Ọ̀nà wọn yàtọ̀: Thoreau kọ̀ ní gbangba, ó sì gba ìyà tó so mọ́ ọn.

Bí ihò bá wà nínú òfin, kí ló dé tí wọn kò dí i?

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé àwọn ìjọba fúnra wọn ló gbẹ́ púpọ̀ nínú àwọn ihò náà. Orílẹ̀-èdè kékeré tí kò ní ọjà ńlá lè fi owó-orí tó kéré fa iléeṣẹ́ mọ́ra, iṣẹ́ àti owó díẹ̀ tó bá ti ibẹ̀ wá sì sàn fún un ju kí ó má rí nǹkankan. Èyí ló jẹ́ kí ìwà Ireland nínú ẹjọ́ Apple yéni: orúkọ rere tó ní lójú àwọn iléeṣẹ́ òkèèrè ló ń dáàbò bò. Bí orílẹ̀-èdè kan bá gbé owó-orí sókè, aládùúgbò rẹ̀ lè fà á wálẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè nìkan dí ihò náà.

Ìdí nìyẹn tí OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọlọ́rọ̀, fi bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 2013 láti dá yíyí èrè kiri dúró. Ìṣirò tí àjọ náà fúnra rẹ̀ ṣe ni pé owó tí àwọn ìjọba ń pàdánù lọ́dún kan wà láàárín bílíọ̀nù 100 sí bílíọ̀nù 240 dọ́là, èyí tó jẹ́ ìdá 4 sí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó-orí tí wọ́n ń gbà lórí èrè iléeṣẹ́ lágbàáyé. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, orílẹ̀-èdè àti agbègbè 136 fọwọ́ sí i pé kí iléeṣẹ́ tí àpapọ̀ owó tó ń wọlé fún un lọ́dún tó mílíọ̀nù 750 yúrò máa san owó-orí tí kò dín ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, Pakistan àti Sri Lanka kò fọwọ́ sí i nígbà náà. Bí orílẹ̀-èdè kan bá gba ohun tó dín sí ìdá 15, orílẹ̀-èdè tí olú iléeṣẹ́ náà wà lè gba èyí tó ṣẹ́ kù. Bí ìyẹn náà kò bá gbà á, àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí iléeṣẹ́ náà ti ń ṣòwò lè gbà á. Nítorí náà, kò sí èrè kankan mọ́ nínú kí ìjọba kan máa jọ̀wọ́ owó-orí, nítorí ìjọba mìíràn ni yóò gbà á.

Níbo ni ọ̀rọ̀ dé báyìí?

Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn orílẹ̀-èdè EU, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jàpáánù àti South Korea ti ń lo àdéhùn náà láti ọdún 2024, Ireland náà sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2025, ọjọ́ tí Ààrẹ Donald Trump gorí àléfà, ó kéde pé àdéhùn náà kò ní agbára kankan ní Amẹ́ríkà. Àwọn aṣòfin rẹ̀ wá gbé àbá kan dìde láti gba owó-orí ìgbẹ̀san lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò tó wá láti ilẹ̀ tó bá fi àdéhùn náà mú iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà. Ohun tí G7 ṣe ní oṣù Kẹfà ni pé wọ́n yọ̀ǹda àwọn iléeṣẹ́ náà, lórí àlàyé pé Amẹ́ríkà ti ní òfin owó-orí tirẹ̀ tó jọ ọ́, Amẹ́ríkà náà sì jọ̀wọ́ àbá ìgbẹ̀san rẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2026, ìlànà tí wọn yóò tẹ̀ lé jáde láti ọ̀dọ̀ OECD. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ó dènà ogun owó-orí láàárín àwọn ọ̀rẹ́. Àwọn alátakò ní àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n ṣe òfin náà nítorí wọn gan-an ni wọ́n yọ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Ìpàdé mìíràn ń lọ lọ́wọ́ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣáájú àbá kan pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ owó-orí àgbáyé wá síbẹ̀, níbi tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti ní ìbò kan. 125 dìbò fún un, 48 takò ó, púpọ̀ nínú àwọn alátakò náà sì jẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀. Wọ́n fẹ́ parí ìwé àdéhùn náà ní ọdún 2027. Kókó tí wọ́n ń dúnàádúrà lé lórí ni ibi tó yẹ kí iléeṣẹ́ ti san owó-orí, bóyá ibi tó ti ń tajà tàbí ibi tí olú rẹ̀ wà, àti bí wọn yóò ṣe máa gba owó-orí lọ́wọ́ àwọn tó lówó jùlọ láyé. Amẹ́ríkà kúrò nínú ìjíròrò náà ní oṣù Kejì ọdún 2025, àwọn yòókù sì ń bá a lọ láìsí i, láìtíì mọ bí àdéhùn tí kò ní ìbuwọ́lù rẹ̀ yóò ṣe de àwọn iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.